Iṣẹ́ Tó Ní Oníbàárà: Àgbéyẹ̀wò Kíkọ́ Iṣẹ́ Ojú Ìkànnì ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Iṣẹ́ ojú ìkànnì ni gbogbo iṣẹ́ tó jẹ mọ́ apá ìkànnì ayélujára tí ènìyàn ń fojú rí, tó ń kà, tó sì ń fọwọ́ tẹ̀. Ó yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹ̀yìn ìkànnì, èyí tó ń lọ nínú kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn, níbi tí àkọsílẹ̀ àti ìsanwó àwọn oníbàárà ń gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú Èkó ló ń sá tọ iṣẹ́ yìí lónìí, ìmọ̀ràn tí wọ́n sì ń gbọ́ jù lọ ni pé kí wọ́n má kàn jókòó ti fídíò, kí wọ́n kọ́ ọ nípa ṣíṣe é, ìyẹn ni pé kí wọ́n máa gbé iṣẹ́ àkànṣe kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n kò sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe, kò sọ ẹni tí wọ́n máa ṣe é fún, kò sì sọ ẹni tó máa sọ fún wọn pé kò tíì dára. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí ń wò ni ohun tí iṣẹ́ àkànṣe lè kọ́ni, ibi tí agbára rẹ̀ parí sí, àti irú èyí tó yẹ ẹni tó ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Èrò tó gbé e ró ni pé iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó lè kọ̀ ọ́ kì í kọ́ni ju ìdajì lọ.

Ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́

Èdè mẹ́ta ni oníṣẹ́ ojú ìkànnì fi ń ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni HTML, èyí tó ń sọ ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan jẹ́ lójú ìwé: pé èyí ni àkọlé, èyí ni ìpínrọ̀, èyí ni àwòrán, èyí ni fọ́ọ̀mù tí àlejò máa kọ orúkọ sí. Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dá a sílẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí tó wà nítòsí ìlú Geneva; ní 1989 ló kọ àbá ayélujára sílẹ̀, nígbà tó sì di 1991, ìkànnì àkọ́kọ́ ti wà níta fún gbogbo ayé. Ìkejì ni CSS, èyí tó ń sọ bí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ṣe máa rí, àwọ̀ wọn, bí wọ́n ṣe tóbi tó, àti àyè tó wà láàárín wọn. Håkon Wium Lie, ọmọ ilẹ̀ Norway, ló dábàá rẹ̀ ní 1994, tí W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà ayélujára, sì fọwọ́ sí i ní 1996. Ìkẹta ni JavaScript, tí Brendan Eich kọ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ní ilé-iṣẹ́ Netscape ní 1995, òun ló sì ń mú kí ojú ìwé dáhùn nígbà tí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì. Ní 2010 ni Ethan Marcotte fún ọ̀nà tí ojú ìwé kan ṣoṣo fi lè bá fóònù kékeré àti kọ̀ǹpútà ńlá mu ní orúkọ, ọ̀nà yẹn ló sì ti di àṣà láti ìgbà náà.

Ìwà kan tí HTML àti CSS ní ni kò jẹ́ kí ìwé kíkà nìkan tó fún ẹni tó ń kọ́ wọn. Bí ènìyàn bá ṣì wọ́n kọ, aṣàwákiri, ìyẹn ètò bíi Chrome tàbí Opera Mini tí a fi ń wo ìkànnì, kì í dúró kó pariwo. Ohun tó bá yé e ló ń gbé jáde, ó sì ń fo èyí tí kò yé e dá. Ojú ìwé lè gún régé lórí làpútọ́ọ̀pù ẹni tó kọ ọ́, kí bọ́tìnnì rẹ̀ sì ti yọ kúrò lójú fóònù ẹlòmíràn, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Àṣìṣe tí kì í fi ara rẹ̀ hàn báyìí, ojú ẹni tó ń lo ìkànnì náà ló ń rí i, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe fi ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ yìí ju nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn lọ.

Àríyànjiyàn lórí ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láàárín àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́. Ní 1918 ni William Heard Kilpatrick, ní Amẹ́ríkà, kọ àròkọ kan tó gbajúmọ̀, tó fi sọ pé iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi tọkàntọkàn dáwọ́ lé ló yẹ kó jẹ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́. Ní 1980, Seymour Papert, tí wọ́n bí ní South Africa, kọ ìwé Mindstorms lórí ọmọdé àti kọ̀ǹpútà, èrò rẹ̀ sì ni pé ènìyàn ń kọ́ ẹ̀kọ́ dáadáa nígbà tó bá ń ṣe ohun kan tí àwọn ẹlòmíràn lè rí. Ṣùgbọ́n ní 2006, Paul Kirschner, John Sweller àti Richard Clark ta ko èrò pé kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kó máa wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Àlàyé wọn ni pé ohun tí ọpọlọ lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀, àti pé ẹni tí kò tíì mọ nǹkan kan ń fi agbára ọpọlọ yẹn ṣòfò sí wíwá ọ̀nà, nígbà tí àpẹẹrẹ tí ọ̀gá ti ṣe parí ìbá ti kọ́ ọ kíákíá.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá máa rí i pé ìjà yìí kò le tó bí ó ṣe dàbí. Aliu Babatunde Fafunwa, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà tó jáde ní 1974, ṣàlàyé pé ìwúlò ni òpó ẹ̀kọ́ àbáláyé: ọmọ ń kọ́ iṣẹ́ nípa bíbá àgbà ṣe é. Síbẹ̀, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀ kì í fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà lọ́jọ́ tó dé. Á kọ́kọ́ máa gbálẹ̀, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá, á ká etí aṣọ, á rán bọ́tìnnì, kó tó di pé wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́. Nígbà tó bá sì gé aṣọ tán, tí aṣọ náà fún jù, oníbàárà á dá a padà, ọ̀gá á sì fi ibi tó ti ṣì í hàn án. Ọ̀gá tó ń gbé iṣẹ́ fúnni ní ìpele-ìpele ni Kirschner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bèèrè. Iṣẹ́ tí ẹlòmíràn lè rí ni Papert ń tọ́ka sí, oníbàárà télọ̀ sì tún lè kọ̀ ọ́. Ilé télọ̀ kó méjèèjì pọ̀. Ẹ̀kọ́ tó bá ní ọ̀kan láìní èkejì ló máa ń ṣe àbùkù, òṣùwọ̀n yìí sì ni ó yẹ kí a fi wọn àwọn ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ ojú ìkànnì.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ

Ìjọba kò kawọ́ gbera. Láti 1973 ni àjọ ITF ti dá ètò SIWES sílẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ lo oṣù díẹ̀ ní ibi iṣẹ́ kí ó tó gboyè, èrò tó wà nídìí rẹ̀ sì dára: pé kí ọmọ rí iṣẹ́ gidi. Àwọn tó kàwé ní ọgbà Ìsọlọ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ Èkó, tó di pólítẹ́kíníìkì lẹ́yìn náà, tó sì di yunifásítì LASUSTECH ní 2022, wà lára àwọn tí irú ètò bẹ́ẹ̀ wà fún. Ṣùgbọ́n níbi tí kò sí ẹni tó máa gbé iṣẹ́ lé ọmọ náà lọ́wọ́, oúnjẹ rírà àti ìwé ṣíṣe ẹ̀dà ni oṣù wọ̀nyẹn ń bá lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá CodeLagos sílẹ̀ ní 2016, pẹ̀lú èrò láti kọ́ mílíọ̀nù kan ènìyàn ní kóòdù kíkọ títí di 2019. Ìjọba àpapọ̀, nígbà tí Bọ́sún Tìjání, ọ̀kan lára àwọn tó dá CcHUB, ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ, sílẹ̀ ní Yábà, di mínísítà, bẹ̀rẹ̀ ètò ìkọ́ṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ 3MTT ní 2023, tó ń lépa mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn. Iye ènìyàn ni àwọn ètò ńlá wọ̀nyí fi ń ṣírò, bẹ́ẹ̀ kò sì rọrùn láti wá ọ̀gá tó máa yẹ iṣẹ́ mílíọ̀nù ènìyàn wò níkọ̀ọ̀kan.

Àwọn aládàáni náà ní tiwọn. Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014; nígbà náà, ó ń gba ọ̀dọ́, ó ń kọ́ wọn, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ní 2019 ó dá ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ dúró, torí pé àwọn tó ti ní ìrírí ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń fẹ́. AltSchool Africa, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, ń kọ́ni lórí ayélujára. Ètò HNG, tí Mark Essien tó ni Hotels.ng dá sílẹ̀, máa ń fún àwọn olùkópa ní iṣẹ́ ní ìpele-ìpele, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá sì yege kì í bọ́ sí ìpele tó kàn. Ìdánwò tirẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó bá òṣùwọ̀n mu: ẹnì kan wà tó lè kọ̀ láti gba iṣẹ́.

Ti freeCodeCamp, tí Quincy Larson dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2014, yàtọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá sì fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lórí ojú ìkànnì tó ń bá gbogbo fóònù mu ní láti ṣe iṣẹ́ àkànṣe márùn-ún, lára wọn ni fọ́ọ̀mù ìwádìí, ojú ìwé ìṣàfihàn ọjà àti ojú ìwé tí oníṣẹ́ fi ń ṣàfihàn ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń yẹ iṣẹ́ náà wò, ó sì lè sọ pé àkọlé kò sí níbẹ̀ tàbí pé fọ́ọ̀mù kò ní bọ́tìnnì. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè sọ ni pé iye owó ọjà fara sin, tàbí pé ìyá tó ń wá nọ́ńbà tó máa pè kò ní rí i. Ìṣòro kejì ni pé iṣẹ́ márùn-ún kan náà ni ẹni tó wà ní Manila àti ẹni tó wà ní Máfolúkù ní Òṣòdì ń ṣe, ẹni tó bá fẹ́ gba òṣìṣẹ́ sì ti rí wọn títí ó fi sú u. Irú iṣẹ́ yìí dára fún oṣù àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí etí aṣọ kíká ṣe dára. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ kò tíì gé aṣọ.

Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìkọ́ṣẹ́

Ohun tó ṣọ̀wọ́n jù fún akẹ́kọ̀ọ́ lórí ayélujára, ìyẹn oníbàárà tó mọ ohun tó ń fẹ́, ló pọ̀ jù ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Láti ibùdókọ̀ ńlá Òṣòdì, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹrin 2019 pẹ̀lú ìdíkọ̀ mẹ́ta rẹ̀, dé Òkòta àti Ìlasamàjà, ṣàṣà ni òpópónà tí kò ní ilé-ìwé aládàáni, ilé ìjọsìn, ilé ìwòsàn kékeré, télọ̀ tàbí alátúnṣe fóònù tí kò ní ìkànnì, tàbí tí ìkànnì rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀, tó ń ná ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lè jẹ́ àpẹẹrẹ àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ta aṣọ òkìrìkà níbẹ̀ kò nílò ohun púpọ̀: orúkọ, ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀, àwòrán ọjà tuntun, iye owó, àti ìlà tí oníbàárà máa tẹ̀ láti bá a sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Iṣẹ́ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n àwòrán nìkan tó láti kọ́ni ní ọgbọ́n. Fọ́tò tí fóònù yà lè tó mẹ́gábáìtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ogún irú rẹ̀ sójú ìwé bó ṣe rí, oníbàárà tó ṣí i máa sun dátà tó tó mẹ́gábáìtì ọgọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rí gbogbo ẹ̀wù náà, bóyá kó tiẹ̀ ti pa á dé kó tó ṣí tán. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá kọ́ bí a ṣe ń dín àwòrán kù sí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kílóbáìtì, bí a ṣe ń jẹ́ kí èyí tó wà nísàlẹ̀ dúró títí ojú oníbàárà á fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti ìdí tí iye owó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ nínú HTML, kí ó má jẹ́ ohun tí a kọ mọ́ àwòrán, nítorí pé iye owó lè yí padà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Àwọn Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: akẹ́kọ̀ọ́ mọ kóòdù, olówò mọ ohun tí oníbàárà ń kọ́kọ́ bèèrè, bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sí, ìkànnì náà kò ní tajà.

Àpẹẹrẹ kejì ni iṣẹ́ tí a kọ ní èdè Yorùbá, bíi ìkànnì ilé ìjọsìn tàbí ti ẹgbẹ́ àdúgbò. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tó fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECD, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní. Ọ pẹ̀lú àmì ohùn tó dá dúró, U+0300, ni a fi ń kọ ọ́. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní kí JavaScript ka iye lẹ́tà tó wà nínú Òṣòdì, á dáhùn pé márùn-ún, bí a bá kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tó kúrú jù. Ṣùgbọ́n bó bá ní kó ka ti Ìsọlọ̀, á sọ pé mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ márùn-ún ni ojú ń rí. Àpótí ìṣàwárí tí kò mọ èyí lè sọ pé orúkọ kan kò sí nígbà tí orúkọ náà wà níwájú rẹ̀, torí pé ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ normalize nínú JavaScript ló ń mú ọ̀nà méjèèjì bára mu. Irú lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ yàn náà lè jẹ́ kí àmì ohùn fò kúrò lórí lẹ́tà. Kò sí ẹni tó máa rí àṣìṣe yìí tó ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Àpẹẹrẹ kẹta wà ní Cappa ní Òṣòdì, níbi tí ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ti Federal Nigeria Society for the Blind ti ń kọ́ àwọn tí kò ríran ní oríṣiríṣi iṣẹ́, tó fi mọ́ lílo kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò ríran ń lo ètò tó ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ síta, ètò náà sì gbára lé HTML pátápátá: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi CSS sọ ọ̀rọ̀ di ńlá láìpè é ní àkọlé, ètò náà kò ní mọ̀ pé àkọlé ni, bí àwòrán kò bá ní àlàyé alt, orúkọ fáìlì tí kò nítumọ̀ ló lè kà. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 àti ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 ló ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ìlànà WCAG tí W3C gbé kalẹ̀ sì ń sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, bíi pé kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tan TalkBack, irú ètò tó ń kàwé síta bẹ́ẹ̀, lórí fóònù Android rẹ̀, tó di ojú, tó sì gbìyànjú láti fi fọ́ọ̀mù tó kọ ránṣẹ́, máa mọ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ tó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ tún ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà ti jáde ní 2023, ẹni tó bá ń gba orúkọ àti nọ́ńbà ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe, kò sì yẹ kó gba ju ohun tó nílò lọ. Bákan náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba orúkọ ìkànnì .com.ng fún olówò, orúkọ olówò ló yẹ kó wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ẹni tí orúkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ìkànnì lójú àwọn tó ń tọ́jú ìwé ìforúkọsílẹ̀.

Iná, dátà àti fóònù

Ohun tó ń dènà ẹ̀kọ́ yìí ní àdúgbò kì í ṣe òye. Iná kì í dúró, epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀ ní 2023, àjọ NCC, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, sì fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi owó kún owó ìpè àti dátà títí dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, iṣẹ́ ojú ìkànnì ní àǹfààní kan: HTML, CSS àti JavaScript kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣiṣẹ́; fáìlì kan àti aṣàwákiri kan ti tó, orí fóònù pàápàá. Ẹni tó bá sáré bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú React, ohun èlò tí Facebook gbé síta ní 2013, sábà máa ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáìlì sílẹ̀ kó tó kọ ìlà kan, á sì máa lo ohun tí kò yé e láti fi bo ohun tí kò tíì mọ̀. Nítorí náà, ọ̀nà tó fi owó pamọ́ àti ọ̀nà tó kọ́ni dáadáa bára mu níbí. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, GitHub Pages máa gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́.

Fóònù kékeré pẹ̀lú dátà kékeré tún jẹ́ òṣùwọ̀n tó péye. Opera Mini, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi ń fi dátà pamọ́, ń fún ojú ìwé pọ̀ kó tó gbé e dé fóònù, JavaScript púpọ̀ kì í sì ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe ojú ìwé tí iye owó àti nọ́ńbà ìpè rẹ̀ ṣì ń hàn nígbà tí JavaScript kò ṣiṣẹ́ ti kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ní ìlú òyìnbó, tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn yára, kò rí ìdí láti kọ́.

Ẹ̀rọ tó ń kọ kóòdù

Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá 2022, ẹnikẹ́ni lè bèèrè ojú ìwé ìtajà, kó sì rí i gbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí ti mú kí iṣẹ́ tí a kàn fi hàn di ẹ̀rí tí kò lágbára mọ́, nítorí pé kò sí bí ènìyàn ṣe máa fi ojú lásán mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í lọ sí Aswani, kò sì mọ̀ pé olówò ti yí nọ́ńbà padà. Ìdánwò tó ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni ti ọ̀gá tó jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́, tó ní kó gbé iye owó sísàlẹ̀ àwòrán lórí fóònù nìkan láìfọwọ́ kan bó ṣe rí lórí kọ̀ǹpútà, tó sì ní kó sọ ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lo ẹ̀rọ láti yára, tó sì lè dáhùn, ti kọ́ iṣẹ́. Ẹni tí kò lè dáhùn kò tíì kọ́ ọ, ì báà jẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ gbogbo ìlà.

Ìparí ọ̀rọ̀

Ọ̀nà àfọwọ́ṣe ní ààlà. Olówò lè kọ̀ láti gba ojú ìwé tí kò wù ú, ṣùgbọ́n kò lè rí i pé kóòdù rẹ̀ rí jágajàga, tí ẹlòmíràn kò ní lè tún ṣe lọ́la; ọ̀gá nìkan ló lè rí èyí. Àwọn ọ̀gá kò pọ̀ ní àdúgbò, torí pé ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́ ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ṣiṣẹ́ láti ilé rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sanwó fún un láti jókòó ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ewu wà pẹ̀lú pé kí olówò máa gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́ láìní òpin, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì máa pe ìyà ní ìkọ́ṣẹ́; ìdí nìyẹn tí iye iṣẹ́, ọjọ́ ìparí àti ẹni tó máa tọ́jú ìkànnì lẹ́yìn náà fi gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, kódà bí owó kò bá pọ̀.

Ohun tó jọ pé ó tọ́ ni ìlànà oní-ìpele: kí akẹ́kọ̀ọ́ fi oṣù àkọ́kọ́ ṣe àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè yẹ̀ wò, kí ó wá gba iṣẹ́ kékeré lọ́wọ́ olówò kan tó lè kọ̀ ọ́, kí oníṣẹ́ tó jù ú lọ sì máa yẹ kóòdù náà wò kó tó jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kékeré ní Òkòta tàbí Èjìgbò lè ṣe èyí láìnáwó púpọ̀ bó bá so akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ olówò kan, tó sì pe oníṣẹ́ kan wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ètò ìjọba tó ń ka mílíọ̀nù pẹ̀lú lè bẹ̀rẹ̀ sí ka iye ìkànnì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kan, tí oníbàárà sì ń lò. Ìwé ẹ̀rí lè sọ pé ènìyàn jókòó parí ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ìkànnì tí olówò kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó wá gbà, tó sì ń fi tajà ló ń sọ pé ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́.